Bí ẹ ṣe lè kó tábìlì yín kúrò nídìí D&D láìba ọ̀rẹ́ jẹ́

Ní ilé ìyá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, oúnjẹ onítẹ́ẹ́rẹ́ inú ọ̀rá tí wọ́n ń fi omi gbígbóná sè, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà, Indomie là ń pè é. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra Indomie tí mo gbé oríṣi mìíràn dé, kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Orúkọ yẹn ti gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Maggi ṣe bẹ́ẹ̀, Omo náà ṣe bẹ́ẹ̀. Dungeons & Dragons, tí gbogbo ayé ń pè ní D&D, ṣe bẹ́ẹ̀ sí eré tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe nílé mi ní Woolwich, ní London, ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí aládùúgbò bá bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀yin márùn-ún ń pariwo títí di aago mọ́kànlá alẹ́, "D&D ni" ni mo máa wí, kódà bó jẹ́ pé eré mìíràn pátápátá ló wà lórí tábìlì. Àlàyé ti sú mi í ṣe.

Ẹni tí kò bá ṣe irú eré yìí rí, báyìí ló ṣe rí: ẹ jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan ló ń pa àlọ́. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Dungeon Master. Apàlọ́ là ń pè é nílé mi, torí iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn yòókù kò jókòó kí wọ́n kàn máa gbe orin. Olúkúlùkù ní ẹni tó ń ṣe nínú àlọ́ náà. Bí ìjàpá bá fẹ́ gun ọ̀pẹ lọ jí ẹmu, ẹni tó ń ṣe ìjàpá ló máa sọ bí òun ṣe fẹ́ gùn ún, dáìsì ló sì máa sọ bóyá ó débẹ̀ tàbí ó já bọ́. Ìwé òfin ló ń sọ irú dáìsì tí wọn yóò jù àti iye tó gbọ́dọ̀ já sí. Ìwé òfin yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ ń tà, òun ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ bá ara wọn du oníbàárà.

Apàlọ́ tó ti fi D&D pa àlọ́ fún ọdún mélòó kan, tó wá fẹ́ gbìyànjú eré mìíràn ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ débi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí ẹnì kankan ò wá sílé mi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì dára.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó dè yín mọ́lẹ̀

Ẹ mú bíírò. Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tó mú kí ẹ ṣì wà nídìí eré tí ẹ wà yìí, ẹ má sì kọ "ìfẹ́" sílẹ̀, torí ìfẹ́ kì í ṣe nǹkan tí a lè kà.

Ti tèmi nìyí bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà náà. Àkọ́kọ́, ìwé méje lórí pẹpẹ. Mo ka iye ìgbà tí a ṣí wọn ní oṣù mẹ́ta, mo sì rí i pé mẹ́ta péré là ń lò: ìwé àwọn òṣèré, ìwé apàlọ́, ìwé àwọn ẹranko abàmì. Mẹ́rin tó kù, ẹrù ojú ayé ni wọ́n. Owó wọn ló ń dùn mí, ìlò wọn kọ́.

Èkejì, ohun tó wà nínú orí mi. Mo mọ̀ láìwo ìwé pé bí oníṣẹ́ ìyanu bá ju iná Fireball, dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ lẹ máa jù. Mo mọ iye tí ẹni tó bá fara pa máa jù kí ó má baà kú. Ìmọ̀ yìí gba ọdún. Kò sí ẹni tó tà á fún mi, síbẹ̀ òun ló gbówó lórí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ òwò mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ló di oníbàárà mú, bí kò ṣe ọ̀lẹ ọpọlọ wa, èyí tí kò fẹ́ tún lọ kọ́ ABD tuntun lẹ́yìn ogójì ọdún láyé.

Ẹ̀kẹta, àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2022, Hasbro, ilé iṣẹ́ tó ni D&D báyìí, ra ìkànnì D&D Beyond ní mílíọ̀nù 146.3 dọ́là. Kí ló wà níbẹ̀ tó tó owó yẹn? Àwọn ẹ̀dá ìtàn yín ló wà níbẹ̀: orúkọ wọn, ohun ìjà wọn, ìtàn bàbá wọn, gbogbo rẹ̀. Àwọn ìwé tí ẹ rà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìkànnì náà lẹ ti ń kà wọ́n. Wizards of the Coast, ọmọ Hasbro tó ń tẹ D&D jáde, kì í ta ìwé òfin ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi PDF tí ẹ lè gbà sórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ sì tì í mọ́bẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ara mi kí n tó san kọ́bọ̀ fún ohunkóhun nínú eré yìí: bí wọ́n bá ti ìkànnì yìí pa lọ́la, kí ló kù sí mi lọ́wọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí," mo mọ̀ pé mo ń háyà ni, mi ò rà á. Kò burú kí èèyàn háyà. Kó kàn má pè é ní ríra.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn èèyàn mi. Bí mo bá fi eré yìí sílẹ̀ tí wọn ò tẹ̀lé mi, tábìlì ti tú nìyẹn.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo rí i pé ohun kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ló tó kí n bẹ̀rù pé mo lè pàdánù, ilé iṣẹ́ kankan ò sì ni ín.

Ẹ wádìí ìdílé orúkọ náà

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìjà, ẹ ní láti mọ ìtàn yìí, torí ẹni tó bá ní òun kò lè fi D&D sílẹ̀ sábà máa ń rò pé ohun kan ṣoṣo ni D&D jẹ́ látilẹ̀wá.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TSR ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ ọ́. Nígbà tó di 1997, gbèsè ti mu TSR dé ọrùn. Wizards of the Coast, tí káàdì Magic tí wọ́n gbé jáde ní 1993 ti sọ di olówó, ló rà wọ́n. Ní 1999, Hasbro tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ra Wizards. Ẹni tó bá ní òun ń ṣe olóòótọ́ sí D&D láti 1983, olówó mẹ́ta ló ti sìn, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó bi í léèrè kó tó tà á fún ẹlòmíràn.

Ní 2000, Wizards ṣe ohun kan tí oníṣòwò kì í sábà ṣe. Ryan Dancey ló wà lẹ́yìn èrò náà. Bí mo bá sọ ọ́ lédè ọjà tiwa: ẹni tó ń ta búrẹ́dì kì í bá ẹni tó ń ta ẹ̀wà jà, torí bí ẹ̀wà bá ṣe ń tà ni búrẹ́dì ń tà. Ìwé òfin ni búrẹ́dì. Àwọn ìtàn kéékèèké, àwòrán ilẹ̀ àti ìlú àràmàǹdà ni ẹ̀wà. Wàhálà ẹ̀wà pọ̀, èrè rẹ̀ kéré. Kí ẹlòmíràn máa sè é, kí gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ́ wá máa ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wá kọ ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní OGL, pé ẹnikẹ́ni lè mú òfin inú eré náà kó fi ṣe ọjà tirẹ̀ láìsan owó.

Ẹni tó bá sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun lè dá búrẹ́dì tirẹ̀ ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní 2008 Wizards gbé ẹ̀dà kẹrin jáde. Òfin rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi, ìwé àṣẹ tó bá a wá sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Paizo, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon fún Wizards títí di 2007. Ìyàwó kékeré nínú ilé ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà, ó di orogún. Ó mú òfin ẹ̀dà 3.5, èyí tó ṣáájú ẹ̀dà kẹrin, tí OGL ti tú sílẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ ní Pathfinder. Ìwé náà jáde ní 2009, ojú ewé 576, àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀dà kẹrin sì rọ́ lọ síbẹ̀.

Àwọn tó lọ yẹn kò gbà pé àwọn kúrò níbì kankan. Lójú wọn, Wizards ló kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn jókòó síbi tí wọ́n wà. Wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà fi eré sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, torí òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí eré dáìsì.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé àṣẹ, ó kéré tán ọ̀rọ̀ méjì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2023, ìwé àṣẹ tuntun tí Wizards ń múra rẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá kọjá 750,000 dọ́là yóò san ìdá 25 nínú 100 lórí ohun tó bá lé. Ẹni tó bá pa ju 50,000 lọ yóò máa ròyìn owó rẹ̀ fún wọn. OGL àtijọ́ yóò sì di èyí tí wọn kò fọwọ́ sí mọ́.

Ọ̀kan nínú wa ń wa bọ́ọ̀sì. Ó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, kò jókòó, ó na fóònù sí mi. Ó ti fagi lé owó oṣooṣù tó ń san fún D&D Beyond. Mo ní, "Ìwọ tí o kò kọ ìtàn kan tà rí, kí ló kàn ọ́ nínú ìdá 25?" Ó ní àwọn tí òun ń ra ìtàn lọ́wọ́ wọn ló kàn. Kò purọ́. Ìdajì ohun tí a ń ṣe nílé mi, ọwọ́ àwọn alásè ẹ̀wà ló ti ń wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe bíi tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, Paizo kéde pé àwọn máa ṣe ìwé àṣẹ mìíràn, ORC, tí ilé iṣẹ́ kankan ò ní jẹ́ olówó rẹ̀. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ìwé òfin tí àwọn rò pé yóò tó tà fún oṣù mẹ́jọ ti tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kobold Press, ọ̀kan nínú àwọn alásè ẹ̀wà, ní àwọn máa kọ òfin tiwọn. Ní ọjọ́ 27, Wizards yí padà: OGL àtijọ́ dúró, wọ́n sì gbé àkójọ òfin ẹ̀dà karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons tó ń jẹ́ CC-BY 4.0, pé ẹnikẹ́ni lè lò ó bó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un.

Awabọ́ọ̀sì wa padà lọ sanwó ní oṣù Keje. Gbogbo ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mo rántí pé mo ti ní kó kọ ohun tó dè é sílẹ̀, ó sì ní kò sóhun tó de òun.

Ọ̀rọ̀ méjì tí mo ní kí ẹ kọ́ nìyí. OGL sọ pé àṣẹ náà wà "títí láé." Kò sọ pé "a kò lè gbà á padà." Lójú ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, ọ̀kan náà ni. Lójú agbẹjọ́rò, wọ́n jìnnà síra bí Èkó ṣe jìnnà sí Kánò. Ilẹ̀ tí bàbá àgbà yá yín láìdá ọjọ́, "títí láé" ni, àmọ́ bí ọmọ rẹ̀ bá dé láti ìlú òyìnbó, ẹ ó rí nǹkan. CC-BY 4.0 kọ ọ́ gbangba pé a kò lè gbà á padà. ORC náà kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ gbé ilé yín lé orí eré kan, ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ṣeré náà, ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ilé síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó tábìlì

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe bà á jẹ́ ná. Lẹ́yìn ariwo 2023, mo ra Pathfinder ẹ̀dà kejì, èyí tó jáde ní 2019. Ojú ewé 640. Mo kà á, orí mi gbóná, inú mi dùn. Nínú eré náà, olúkúlùkù ní ìṣe mẹ́ta nígbà tó bá kàn án nínú ìjà: ẹ lè rìn, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè gbé apata sókè, ẹ sá. Ó rọrùn ju ti D&D lọ lójú mi, mo sì rò pé gbogbo ayé ló máa rí i bẹ́ẹ̀. Mo fi iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp. Ẹ ka ojú ewé báyìí sí báyìí. Bíi tíṣà! Nígbà tí wọ́n dé, wákàtí mẹ́ta la fi kọ orúkọ àti nọ́ńbà sórí ìwé, ìjà kan ò wáyé. Ọmọ Gánà tó wà láàárín wa sùn lọ lórí àga. Òmíràn ní, "Kí ni D&D ṣe fún ọ gan-an?" Mo bínú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ Hasbro. Ilé tú.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo fún wọn ní iṣẹ́ kí n tó fún wọn ní eré. Mo mú eré tó jọ èyí tí wọ́n ti ń ṣe, kí wọ́n lè máa fi wé e ní gbogbo ìṣẹ́jú. Mo sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwà, bí ẹni pé ẹni tí kò bá tẹ̀lé mi kì í ṣe ọmọlúàbí.

Nígbà kejì, mo sọ pé òtútù ń mú mi, n kò ráyè múra ìtàn wa sílẹ̀, ṣé kí a ṣe nǹkan kékeré kan fún alẹ́ kan ṣoṣo? Kò sí ẹni tó ń sọ pé rárá sí alẹ́ kan ṣoṣo. Mo mú Call of Cthulhu, eré tí Chaosium ti ń tẹ̀ láti 1981. Wọ́n ní ìwé kékeré ọ̀fẹ́ fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ẹ̀dá ìtàn márùn-ún tí wọ́n ti ṣe tán jáde, mo dà wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì bíi káàdì Whot, mo ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan. Òfin tí mo kọ́ wọn kò ju èyí lọ: nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ju dáìsì ọgọ́rùn-ún, bó bá wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, ẹ ti ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Kò sí idà, kò sí oníṣẹ́ ìyanu, ẹ̀rù ló wà. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fi D&D wé e. Ọmọ Gánà ní bó bá jẹ́ Kumasi ni, pásítọ̀ ni àwọn ì bá ti pè kí àwọn tó wọlé, kò sì gbà láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ títí eré fi parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n bi mí bóyá a máa parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é: eré tó jìnnà ní àkọ́kọ́, ìbátan tímọ́tímọ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé àwọn lè kọ́ òfin tuntun láìkú. Lẹ́yìn alẹ́ mẹ́ta mẹ́rin irú ìyẹn, ẹ lè wá gbé Pathfinder tàbí ohun tó jọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo òfin Pathfinder wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys, Paizo fúnra wọn sì fọwọ́ sí i, torí náà ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ náwó kó tó mọ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ. Apàlọ́ nìkan ni kó ra ìwé, bó bá wù ú.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀

Ní gbogbo tábìlì, ẹnì kan máa wà tí kò ní kúrò. Tiwa jẹ́ ará Scotland kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Láti ìgbà àpótí pupa 1983 ló ti ń ṣe D&D. Dáìsì tó wà nínú àpótí yẹn, wọn kò kun nọ́ńbà wọn. Kíréyọ̀nù kan ló máa ń bá wọn wá, ẹni tó rà á ló máa fi kíréyọ̀nù kun ihò nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣì ní tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló bá a kùn wọ́n, ní àwọ̀ funfun, kò sì mọ́ dáadáa.

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ ka sí Hasbro lọ́rùn tí yóò mú kí ọkùnrin yẹn ju dáìsì yẹn nù? Èmi tí mo ń pe ìdúróṣinṣin rẹ̀ ní ìwà òmùgọ̀ ni mo jẹ́ òmùgọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ má gba ẹ̀dá ìtàn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Arákùnrin inú ìtàn rẹ̀, arúgbó jagunjagun kan tó ya arọ, ni mo gbé wọ inú eré tuntun. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. N kò gbìyànjú láti yí nọ́ńbà D&D padà sí nọ́ńbà tuntun, torí kì í bọ́ sí i, ẹ ó kàn máa já ara yín ní irun. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni arákùnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí ló ń bà á lẹ́rù, kí ni kò ní ṣe láé? A kọ́ ọ tuntun láti orí ìdáhùn yẹn. Ó jù ú pẹ̀lú dáìsì àbúrò rẹ̀. Dáìsì ò mọ ilé iṣẹ́ tó ni òfin.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ jókòó síbẹ̀

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí ẹ kò mọ ẹnì kankan, D&D ni kí ẹ wá. Òun lẹ ó rí lára ògiri ibi ìkàwé àti ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré. Orúkọ tó gbajúmọ̀ ń kó èèyàn jọ, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ka OGL lálẹ́ bíi tèmi sọ fún yín pé ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Bí inú àwọn ọ̀rẹ́ yín bá dùn, tí ẹ̀yin nìkan ń hára gàgà, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ wá tábìlì kejì fún ọjọ́ mìíràn. Kò sí òfin tó ní kí ẹ ra ìwé òfin tuntun ti 2024 bí ti 2014 bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ tábìlì kan ní Peckham tó ṣì ń lo ẹ̀dà kẹta. Wọ́n ti fi téèpù lẹ ẹ̀yìn ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe ibi gbogbo ni D&D ti jẹ́ ọba. Das Schwarze Auge ti wà ní Jámánì láti 1984, àwọn Jámánì fúnra wọn ló kọ ọ́. Ní Brazil, Tormenta bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan ní 1999, ó sì di ńlá. Brazil yìí kan náà ni eré kan ti wà tí ọ̀kan nínú àwọn akọni rẹ̀ jẹ́ Oludara, ọmọ Yorùbá láti Kétu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo fọwọ́ lẹ́rán. Àwa tí a ni Kétu, ẹ̀ka igi àwọn òyìnbó là ń fi ṣe idà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. DMs Guild, ìkànnì ìtajà tí wọ́n ṣí ní 2016, máa jẹ́ kí ẹ lo orúkọ ìlú àti èèyàn inú ayé D&D, ṣùgbọ́n ìdajì owó ni yóò dé ọwọ́ yín, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò sì ṣeé gbé lọ tà ní ọjà mìíràn. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lo SRD lábẹ́ CC-BY. Ẹ ó dárúkọ ibi tí ẹ ti mú òfin, ẹ kò ní lè fi àmì D&D sí ẹ̀yìn ìwé, ṣùgbọ́n ìtàn jẹ́ tiyín. Èmi ń kọ ìtàn àwọn ọdẹ kan nínú igbó ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀nà kejì ni mo sì gbà, torí kò sí ohun tí orúkọ ìlú òyìnbó fẹ́ ṣe fún ọdẹ mi. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wà. Àgbọ̀nrín kan ti sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Daggerheart la ṣe, èyí tí Darrington Press gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2025. Dáìsì olójú méjìlá méjì lẹ ó jù, ọ̀kan ìrètí, ọ̀kan ẹ̀rù, èyí tó bá ga jù ló ń pinnu bí ìtàn ṣe máa yí. Awabọ́ọ̀sì ló ń pa àlọ́ báyìí, mo ti fún un láyè. Dáìsì ẹ̀gbọ́n, kò sí olójú méjìlá aláwọ̀ méjì nínú wọn, ó sì kọ̀ láti yá tèmi. Ó lọ ra kíréyọ̀nù.